Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì ní Manchester

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo ilé. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara mi ti ń mókun. Ìtọ̀ tí n kò lè mú mọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

O bi mí lórí fóònù pé ṣebí wọ́n ti yọ próstéètì tí jẹjẹrẹ mú náà kúrò, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kí ló tún kù tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta? Ariwo kò jẹ́ kí n dá ọ lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Próstéètì ló ń ṣe èròjà kan tó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PSA. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, PSA gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́. Kì í tán lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ 2 sí 3 bá ti kọjá, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, ìdajì ìyókù á tún lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró tó ọ̀sẹ̀ 8 kí n tó ṣe àkọ́kọ́. Tó bá tún ń gòkè lẹ́yìn náà, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ṣẹ́kù síbì kan. Kò ní dunni rárá. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Àkọ́kọ́ mi jẹ́ 0.02. Ìgbà kejì, mo lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn tó sún mọ́ ilé. Wọ́n kọ <0.1 fún mi. Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n! Mo ní ó ti di ìlọ́po 5. N kò sọ fún ìyàwó mi. Lóru mo jókòó sí pálọ̀, mò ń ro ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn mi. Ọjọ́ kẹta ni dókítà wo ìwé náà, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kò lè rí ohun tó bá kéré sí 0.1 ni. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí nǹkan kan." Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé àmì kékeré yẹn fún mi níbi tí mo ti gba ìwé. A tún un ṣe níbi ti àkọ́kọ́: 0.02 náà ni. Láti ìgbà yẹn, ojúkan náà ni mò ń lọ, mo sì ń kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan.

Dókítà ní tó bá dé 0.2, tí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́rìí sí i, ìgbà náà làwọn máa ń gbà pé ó ti padà. Ìtọ́jú onítànṣán ṣì lè kápá rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kí iye náà tó kọjá 0.5. Nítorí náà, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí, n kì í pa ọjọ́ kankan jẹ.

Ìwọ náà ńkọ́? O ti lé ní 50. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 1 nínú 4 ni àrùn yìí ń bá nígbà ayé rẹ̀. Tí a bá ka gbogbo ọkùnrin pọ̀, 1 nínú 8 ni. Mo ṣì rántí ọjọ́ tí ìtọ̀ há mọ́ bàbá yín, tí a gbé wọn sínú ọkọ̀ lóru, tí a kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n á ṣe àyẹ̀wò PSA fún ọ tí o bá béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ. Jọ̀ọ́, béèrè.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo tún máa lọ. Màá fi iye tèmi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà fi tìrẹ ránṣẹ́, tòun ti àmì iwájú rẹ̀ tó bá wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Bọ̀dé