Àwòdì kán lápá, ta ni ká pè?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Wọ́n gbé ìjòyè ìjọba kan wá sórí ètò, wọ́n bi í léèrè nípa àwọn ẹranko àti ẹyẹ igbó tó ń yà wọ àárín ìlú. Ó ní bí aráàlú bá rí ẹyẹ igbó tó fara pa, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pe àwọn aláṣẹ. Ó parí síbẹ̀. Atọ́kùn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi orin sí i.

Àwọn aláṣẹ wo? Nọ́ńbà wo? Aránṣọ ni mí. Mo wà nídìí máṣíìnì nígbà tó sọ ọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí n lè gbọ́ bóyá yóò dárúkọ ọ́fíìsì kan. Kò dárúkọ kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fi ọjọ́ méjì wá àwọn aláṣẹ yìí kiri Ògbómọ̀ṣọ́, tí n kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé iṣẹ́ òun ni.

Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé jáde, mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ọmọ bíi mẹ́jọ ló yí nǹkan ká lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n ń sọ ọ́ lókò. Àgbà àwòdì ni. Àgógó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ìrù rẹ̀ là sí méjì lẹ́yìn, apá òsì rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Kò sá. Ẹnu ló là sílẹ̀ tó ń mí gúlegúle, tó ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé òkúta.

Mo lé wọn. Mo fi ègé àǹkárá kan bo ẹyẹ náà lórí, bí ojú rẹ̀ sì ṣe bọ́ sínú òkùnkùn ló dákẹ́. Ibi tí mo ti ń gbé e ni èékánná rẹ̀ ti há mọ́ téépù tí mo fi ń wọn aṣọ, èyí tó wà lọ́rùn mi. Ó di téépù náà mú débi pé mo ní láti bọ́ ọ sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e sínú páálí bisikíìtì, tòun ti téépù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá tó ń sin adìẹ lójúlé kejì wá wò ó. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé ẹ rántí pé olè ni? Ta ló gbé òròmọ yín lọ́dún tó kọjá?" Mo ní mo rántí. Ó gbé méjì lára tèmi náà. Ṣùgbọ́n àwòdì kan náà yìí ló ń gbé eku àti aláǹgbá, òun ló ń ṣa ìfun àti ẹran jíjẹrà tí àwọn alápatà bá dà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó lọ́nà Ìkòyí-Ilé, tí wọ́n ń rá bàbà lókè èéfín, tí wọ́n ń já bọ́ mú tata lẹ́nu iná, yóò mọ̀ pé ẹ̀dá tó níṣẹ́ tirẹ̀ ni. Bí òjò bá ti dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọrí sí òkè Ọya, a ò ní rí wọn mọ́ títí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn. Àlejò wa ni wọ́n lọ́dọọdún.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé páálí lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Yàrá àkọ́kọ́ ní kí n lọ sí yàrá kejì. Yàrá kejì ní ẹran ọ̀sìn ni tiwọn, pé àwòdì kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, kí n lọ bá àwọn tó ń rí sí àyíká. Àwọn tó ń rí sí àyíká ní ìdọ̀tí ni tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ẹyẹ náà ti kú. Mo ní rárá. Ó ní ká ní ó ti kú ni, àwọn ì bá bá mi gbé e dà nù.

Mo fẹ́ kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn jáde bí mo ṣe kọ ọ́. Ní ìlú tó tóbi tó báyìí, ìjọba ní ẹni tí yóò gbé òkú ẹyẹ dà nù, kò ní ẹni tí yóò gba ẹyẹ tó wà láàyè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. N kò pè é, n kò mọ̀ ọ́n rí, ó kàn gbọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ ra àwòdì náà, pé àwọn kan ń lò ó fún oògùn, owó tó sì dá lé e ju èyí tí mo ń gbà lórí ìró àti bùbá lọ. Mo ní n kò tà. Ó ní tó bá kú ńkọ́, pé òun yóò ṣì rà á. Olóòtú, ẹ wò ó. Gbogbo ibi tí mo lọ, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹni tó fẹ́ pa á nìkan ló wá mi délé, láìsí pé mo pè é. Ọjà oògùn mọ ọ̀nà ilé mi, àwọn aláṣẹ kò mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni mo rí dókítà ẹran kan nítòsí Arówómọlé. Adìẹ, ewúrẹ́ àti ajá ló ń tọ́jú, ó sì sọ ọ́ fún mi gbangba pé òun kò ní irinṣẹ́ fún irú ẹyẹ yìí. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ṣàlàyé, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Ó ní ohun tó dára jù tí mo ṣe ni òkùnkùn inú páálí, nítorí ẹyẹ igbó kò gbọdọ̀ máa rí èèyàn, ìpayà nìkan lè pa á. Ó ní ẹsẹ̀ ni kí n máa ṣọ́ lára rẹ̀ ju ẹnu lọ, èékánná ló fi ń pa nǹkan. Ó bi mí ohun tí mo fún un. Ojú tì mí láti sọ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ti bu ẹ̀kọ tútù sí i, tó tún fi ṣíbí da omi sí i lẹ́nu. Ó ya àgógó rẹ̀ díẹ̀, ó fi hàn mí: ihò tí ẹyẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n gan-an, bí a bá da omi sí i tipátipá, inú ẹ̀dọ̀fóró lomi ń lọ. Ẹran tútù tí kò níyọ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe ẹ̀kọ, kì í ṣe búrẹ́dì, bó bá sì ti fara pa báyìí, kó dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló kù, oúnjẹ ṣì lè dúró. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Egungun ẹyẹ máa ń so kíákíá. Bí wọn kò bá tò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò so ní wíwọ́, ẹyẹ náà kò sì ní lè fò mọ́ láéláé.

Ó ní kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ti Yunifásítì Ìlọrin. Mo gba gáréèjì lọ nírọ̀lẹ́. Awakọ̀ kìíní ní òun kò gbé ẹyẹ abàmì. Ìkejì gbà, ọmọlúwàbí ni, ó ní kí n gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú. Ó wá béèrè pé, "Ìyá, ta ni màá pè tí mo bá dé ọ̀hún?" N kò ní orúkọ ẹnì kankan, n kò ní nọ́ńbà. Mo gbé páálí mi padà sílé. Mo ní aṣọ ẹbí tí wọn ó fi ṣe ìyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nílẹ̀, mo pinnu pé n óò gbé e lọ fúnra mi ní Ọjọ́ Ẹtì.

Kò dúró dè mí. Ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣí páálí, ó ti gan. Mo sin ín sẹ́yìn ilé. Ìgbà yẹn ni mo tó rí téépù mi gbà, ojú èékánná sì wà lórí rẹ̀ láti íńṣì mẹ́rìnlá títí dé mẹ́rìndínlógún.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ẹ pe àwọn aláṣẹ" fi bí mi nínú. Kò sí nọ́ńbà! Èèyàn kò lè pe ohun tí kò ní nọ́ńbà.

Kì í sì í ṣe àwòdì nìkan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún máa ń bà sórí òrùlé àti àkìtàn nílùú yìí, a kì í kà wọ́n sí nǹkan àjèjì. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, kò sí èyí tó ti rí igún rí. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ lágbàáyé ti ka igún wa yìí mọ́ àwọn tó wà létí kíkú tán, májèlé àti àwọn tó ń pa á fún oògùn sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwa la wá ń kó orí rẹ̀ sórí àtẹ. Òwìwí ńkọ́, tó ń jẹ eku mọ́jú? Bó bá bà sórí ilé, igi la fi ń lé e, a ní àjẹ́ ni. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó láti 1974, ó ṣe òfin tirẹ̀ ní 1985, ó tún un ṣe ní 2016. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tó jókòó sórí àga tí òfin náà gbé kalẹ̀ ni a ò rí.

Àwọn kan yóò ní ẹyẹ igbó lè kó àrùn fúlù ẹyẹ ran èèyàn, bí irú èyí tó pa adìẹ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà ní 2006. Òótọ́ ni, mo sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgùnpá. Ìyẹn gan-an ló tún fi yẹ kí ẹnì kan wà tí a lè pè, kí á má baà máa gbé e kiri àdúgbò bí mo ṣe gbé e.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri kánsù, sí gáréèjì Owódé àti ti Sábó, sí ẹnu ọ̀nà ọjà àti iléèwé, kí wọ́n sì máa kà á lórí rédíò lédè Yorùbá. Kí ẹni tó di fóònù náà mú máa gbé e, òru tàbí ọ̀sán. Kí páálí tí wọ́n ti dá ihò sí wà ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkísà mímọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹyẹ tó fara pa, yóò pè, wọ́n á sọ bí yóò ṣe bò ó lójú àti bí yóò ṣe gbé e sínú páálí. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ wá gbé e bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù wáàbíìlì, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́: orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, nọ́ńbà àwọn méjèèjì lára páálí, kí ẹni tó gbà á sanwó ọkọ̀. Ìlọrin kò tó 60 kìlómítà sí wa, Ìbàdàn sì jẹ́ bíi 100. Àwòdì tó fara pa láàárọ̀ á ti wà lọ́dọ̀ dókítà kí oòrùn tó wọ̀. Awakọ̀ mi ọjọ́ yẹn ti ṣe tán, orúkọ ẹni tí yóò gbà á nìkan ni kò sí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sówó. Ọ̀dà, páálí àti fóònù kan ni mo kà sílẹ̀ yìí.

Àwọn aṣọ́gbó Old Oyo National Park, tí ọ́fíìsì àgbà wọn wà ní Ọ̀yọ́ nítòsí wa níbí, mọ ẹyẹ, wọ́n lè jẹ́ ẹni tí yóò máa di fóònù náà mú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa níbí, lè bá wọn ṣe é. Kí àwọn olùkọ́ gba rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ. Kí àwọn aláṣẹ sì lọ yẹ àtẹ àwọn tó ń ta orí igún wò lọ́jà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa. Kí ìjòyè tó sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú padà sórí ètò kan náà, kó kà á lẹ́yọ-lẹ́yọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Páálí bisikíìtì náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Mo ti dá ihò sí i lára, mo sì fi àyè sílẹ̀ lórí rẹ̀ ibi tí n óò kọ nọ́ńbà náà sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ṣadé, aránṣọ,
Ògbómọ̀ṣọ́.