Gbogbo Wa La Yanṣẹ́ Lódì, Àfi Ọmọ Tó Ń Bá Wa Ṣiṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ẹ kì í fi ṣeré ló mú mi kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìjọba ni mo fẹ́ sọ. Ti inú ilé wa ni.

Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì, gbogbo wa la wà nílé. Iná ti lọ láti òru, wọ́n ti pa iná mànàmáná káàkiri orílẹ̀-èdè. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń sọ ọ́ pé ₦30,000, owó oṣù tó kéré jùlọ tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ́dún 2019, kò lè ra ìdajì àpò ìrẹsì mọ́. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbọ́ wa. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé ti ń fọṣọ láti àárọ̀, ó ní: "Mọ́mì, ṣé wọn ò sọ fún àǹtí pé ìyanṣẹ́lódì wà ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kàwé. Ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ ọdún 19 ni àǹtí wọn yìí nígbà náà. Ejẹ́ńtì kan ló mú un wá láti apá Òkè Ògùn. ₦15,000 là ń san lóṣù, ọwọ́ ejẹ́ńtì la sì ń san án sí. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, òun ló ń sùn kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá, ká tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti gúnyán sílẹ̀. Odidi oṣù 16, n kò bi í rí bóyá owó ń dé ọwọ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bi í. Ó ní ejẹ́ńtì ń bá òun tọ́jú rẹ̀ ni. Mo pe ejẹ́ńtì. Ó kọ́kọ́ ní kí n má ba ọmọ náà jẹ́, pé bí owó bá wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, yóò sá lọ. Ìgbà tó yá ló ń ka ìnáwó sílẹ̀: owó ọkọ̀, owó oògùn, ₦5,000 tirẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ₦240,000 tí a ti san, ó ní ₦60,000 ló kù. A kò tíì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Inú bí mi sí ejẹ́ńtì, ṣùgbọ́n èmi gan-an ńkọ́? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe máa ń rí lára wa tí wọ́n bá ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá pọn omi wá, mo ní, "Wàá rí ẹni sìn ọ́." Bó bá wẹ àbígbẹ̀yìn mi, "Olúwa á fún ọ lọ́mọ tìẹ." Àdúrà gidi ni, mo sì gbà á látọkàn wá. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ di owó oṣù.

Òfin owó oṣù tó kéré jùlọ yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25 sílẹ̀. Ilé ta ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, tí a ń dá ara wa lọ́lá nílé ìwé, kò kan ẹni tó ń pọn omi tí mo fi ń wẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àdéhùn kan sì wà tí ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe lọ́dún 2011 nítorí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé: ó kéré tán, kí wọ́n sinmi fún wákàtí 24 gbáko lọ́sẹ̀.

Ti àwọn ọmọ kéékèèké tún burú ju tiwa lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àwọn ẹbí rẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì mi. Àwọn ni wọ́n ń tòògbé láago mẹ́sàn-án àárọ̀.

A kò lágbára ₦70,000, kí n má parọ́. ₦35,000 là ń san báyìí, àkáǹtì rẹ̀ ló ń wọ̀. Aago méjì ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń parí, ó sì ń lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, tirẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ń fọ abọ́ àti yunifọ́ọ̀mù wọn fúnra wọn. Èyí ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ìyá ọkọ mi bá ọmọkùnrin wa ọlọ́dún 12 nídìí abọ́, wọ́n ní a fẹ́ sọ ọmọ àwọn dobìnrin. Ọkọ mi rán wọn létí bàbá rẹ̀ tó máa ń fi ìjọba Awólọ́wọ̀ yangàn, pé ó sọ owó ojúmọ́ òṣìṣẹ́ di ṣílè márùn-ún. Màmá ní ṣílè márùn-ún kọ́ ni abọ́ fífọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wa, àmọ́ ọmọ náà ń fọ abọ́.

Mo ń bẹ NLC àti ẹgbẹ́ olùkọ́ pé kí wọ́n bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí iye òṣìṣẹ́ 25 yẹn. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa owó oṣù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ọmọ ọ̀dọ̀ kan, kí ẹ bi í ní tirẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti fi kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí ilé ìdáná. Ọjọ́ tí a bá san owó àǹtí ló ń kọ síbẹ̀. Oṣù tó kọjá, a pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn