"Ẹ Jókòó Sílé" Nìkan Kò Tó fún Bàbá àti Ìyá Àgbà

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà ní Èkó àti Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ti Ògùn sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ohun kan ṣoṣo ni rédíò àti ìwé ìròyìn ń sọ fún àgbàlagbà: ẹ jókòó sílé. Wọ́n dẹ okùn òfin náà láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ arúgbó kò yí padà. Àwa nọ́ọ̀sì àgbàlagbà ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n nínú ilé tó jẹ́ pé tọkọtaya àgbà méjì péré ló ń gbé e, oògùn máa ń ṣọṣẹ́ kí Kòrónà tó dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, hóró funfun kéékèèké tó jọra bí ìbejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rá kan lórí tábìlì, tí NEPA mú iná lọ, Bàbá á gbé ti Ìyá mì. Ẹ fi agolo Milo ṣe ti Bàbá, kí ẹ fi ike bọ́tà ṣe ti Ìyá. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì á fi ọwọ́ mọ agolo yàtọ̀ sí ike. Ẹ má tú hóró kúrò nínú páálí rẹ̀. Ẹ̀yìn páálí náà ni kí ẹ ti fi bírò kọ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú sí ìdí hóró kọ̀ọ̀kan, nítorí nígbà tí kò bá sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí kò sí Jímọ̀, ọjọ́ a máa dàrú mọ́ àgbà lójú, "ṣé mo ti lò ó láàárọ̀ yìí?" á sì di ìjà. Bó bá ti ku ti ọjọ́ 7, ẹ rán èèyàn sí kẹ́mísìtì. Ẹ má gé hóró sí méjì kó lè pẹ́. Àwọn kan wà nínú oògùn wọ̀nyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dá wọn dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ọ̀pọ̀ ilé báyìí, àwọn ọmọ ló ń rà á ránṣẹ́. Àṣìlò rẹ̀ ló pọ̀. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìdáná dé, Bàbá ti ń wé e mọ́ ọn lápá lórí bùbá, wọ́n sì jọ ń sọ ọ̀rọ̀ epo pupa tó wọ́n. Iye tó bá jáde níbẹ̀ á ga ju òótọ́ lọ. Kí Ìyá kọ́kọ́ lọ tọ̀, kó wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ara ni wọ́n ń wé e mọ́, kì í ṣe aṣọ. Kí apá wà lórí tábìlì, kó bá àyà dọ́gba. Bó bá rọ̀ sísàlẹ̀, iye á tún ga. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ti òkè bá kọjá 180 tàbí ti ìsàlẹ̀ kọjá 120, tí àyà sì ń dùn, tàbí tí ẹnu wọ́, ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ọ̀kan bá wá ń húkọ́ ńkọ́? Kí aláìsàn wà ní yàrá, kí wọ́n gbé mátíràsì sí pálọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, nítorí orúnkún àgbà kì í gba ẹní. Bó bá jẹ́ yàrá kan ni wọ́n ní, kí ibùsùn méjèèjì jìnnà síra tó mítà 2, kí orí ọ̀kan wà níbi ẹsẹ̀ èkejì, kí fèrèsé ṣí. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ibà má wá dára pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dúró de ara gbígbóná o. Ara àgbà lè má gbóná rárá. Bí Bàbá bá kọ àmàlà, tó ń sùn ṣáá, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ pe dókítà.

Fún nínu ilé, ẹ po Jik (omi apakòkòrò) tí wọ́n kọ 3.5% sí lára: ṣíbí ìjẹun 2 (30 ml) nínú píọ́ wọ́tà 2, ìyẹn lítà 1. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ omi, kí ẹ tó fi í nù ún. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dà á nù, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ má pò ó mọ́ áásìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èéfín rẹ̀ ń dí ọ̀nà èémí.

Àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wá, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ìdọ̀bálẹ̀ dára lásìkò àrùn ju bíbọ ọwọ́ lọ, ẹ dọ̀bálẹ̀ láti ìta. Kí ẹ sì yé fi iṣẹ́ WhatsApp pé kílòrókúìnì ń wo Kòrónà ránṣẹ́ sí wọn. Omi iyọ̀ ìgbà Ebola ọdún 2014, tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kí a máa mu, ṣì wà lọ́kàn wa, iyọ̀ tí a ń bẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé kó dín kù.

Ẹ̀bẹ̀ kan la ní sí yín, Olóòtú. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà (0800 9700 0010 ni lọ́dún 2020), ẹ máa tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe ní igun ìsàlẹ̀ níbi tí jígí ojú Bàbá ò ti lè kà á.

Àwa nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àgbàlagbà nílé,
Abẹ́òkúta.