Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Ní Ẹ Ti Yanjú Rẹ̀, Ariwo Ṣì Wà Lórí Rédíò Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, kì í ṣe pé inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti pè yín láti oṣù Kejì ọdún yìí, pé ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé sílé mi ń pariwo lórí rédíò mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ẹ sì ti fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Gbogbo ohun tí ẹ wá gbé sílé mi àti ọjọ́ tí ẹ gbé e wá ló wà nínú ìwé yín, mi ò ní tún máa kà á fún yín. Ohun tí kò sí nínú ìwé yín ni bí ẹ ṣe ṣe mí, òun ni mo wá sọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, àtẹ̀jíṣẹ́ yín wọlé: “Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ fún wa ní máàkì láti 1 dé 5.” Ta ló yanjú ẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò wá, ẹnikẹ́ni ò pè. Mo dìde lórí ibùsùn, mo lọ tan rédíò. Ariwo náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà lálẹ́ àná, ó ń dún ṣàà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo ń wo ọ̀rọ̀ yín, mo ń gbọ́ ariwo yín. Ìyẹn ló mú mi gbé bírò.

Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ yẹn, Ọjọ́bọ̀ kan ti wà. Alábòójútó kan ní ẹ̀ka yín pè mí fúnra rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ó ní, “Bàbá, mo fi ìyá mi búra, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ẹnjiníà wa á ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín.” Mo sọ fún un pé ọjọ́ yẹn gan-an la fẹ́ sọ ọmọọmọ mi lórúkọ ní Abẹ́òkúta, pé kó bá mi sún un síwájú. Ó ní tí ó bá kọjá Ọjọ́bọ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo dúró. Ìyàwó mi ló lọ. Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọ náà padà. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù. Nígbà tó di aago mẹ́ta, mo pe alábòójútó yín, kò gbé e. Ní aago mẹ́rin, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Orúkọ tí mo mú sílẹ̀ fún ọmọ náà, ẹlòmíràn ló bá mi pè é, orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni nínú yín ò pè mí láti sọ pé, “Bàbá, ẹ má bínú.”

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ìpè kẹrin. Ẹ sọ pé ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin tó gbé e bi mí pé kí ló dé. Mo ní ẹ̀rọ yín ń da rédíò mi láàmú. Ó ní, “Rédíò wo lẹ tún ń gbọ́ láyé ìsinsìnyí? Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ fi fóònù gbọ́ ìròyìn.” Mo ní kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní, “Gbọ́. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?” Kò ní “ẹ gbọ́”, kò ní “íntánẹ́ẹ̀tì yín”. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní físíìsì ní ìlú Ìbàdàn yìí, ọmọ tí mo nà pàápàá kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Nígbà tí mo ní kó fún mi lọ́gàá rẹ̀, ó já fóònù mọ́ mi létí.

Mi ò fi rédíò yẹn gbọ́ ìròyìn. Rédíò ham ni, èyí tí àwa tó ní ìwé àṣẹ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Mo ní ìwé àṣẹ, mo ní orúkọ ìpè tó fi 5N bẹ̀rẹ̀ bíi ti gbogbo wa ní Nàìjíríà. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án, èmi àti àbúrò mi tó wà ní Houston máa ń pàdé lórí ìgbì rédíò 14 MHz. Kò sí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù kankan láàárín wa, kò sí wáyà abẹ́ òkun. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí tiyín náà kú sílé mi, àbúrò mi ò rí mi pè lórí WhatsApp. Alẹ́ ọjọ́ náà ló gbọ́ ohùn mi lórí rédíò tí ọmọkùnrin yín ní kí n jù nù yìí. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún mi nílé ayé nìyẹn. Láti oṣù Kejì ọdún yìí tí ẹ ti wá gbé àwọn ẹ̀rọ yìí sílé mi, mi ò gbọ́ ọ mọ́ dáadáa. Òun ń gbọ́ mi, èmi ni mi ò gbọ́ ọ.

Ẹlòmíràn nínú yín ní kí n lọ ra rédíò tuntun. Kò lè ràn mí lọ́wọ́, torí ariwo náà kò ti inú rédíò wá, ojú òfurufú ilé mi ló gbà. Mo pa iná gbogbo ilé láti orí mítà, mo fi bátìrì ọkọ̀ tan rédíò: abẹ́rẹ́ tó ń fi agbára ariwo hàn lọ sílẹ̀ sí S3, ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo tan iná padà, ó fò sí S9. Ìwọ̀n S kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ 6 dB, ìyẹn desibẹ́lì tí a fi ń wọn agbára ariwo. Ìwọ̀n mẹ́fà jẹ́ 36 dB, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára ariwo náà di nǹkan bí ìlọ́po 4,000. Ta ni yóò gbọ́ ohùn ènìyàn láti Houston lábẹ́ ìyẹn?

Mo wá ń yọ nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àpótí kékeré méjì tí ẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, àwọn ni olórí ọ̀ràn. Inú wáyà iná ilé ni wọ́n ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gbà, láti nǹkan bí 2 MHz títí dé 30 MHz, ibẹ̀ gan-an sì ni àwa oní-ham ń gbé. Wáyà iná kò ní ààbò lára. Ó gba inú ògiri kọjá, ó di áńténà. Àwọn tó ń ṣe irú àpótí yìí bó ṣe yẹ máa ń yọ àlàfo sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa. Ìlànà EN 50561-1 ti Yúróòpù ti fi dandan lé e láti ọdún 2013. Àwọn tiyín ò yọ àlàfo kankan. Ìkejì ni ṣájà ráútà. Nígbà tí mo yọ ọ́, tí mo fi bátìrì 12 volt bọ́ ráútà náà, ariwo tún dín kù. Ìkẹta ni wáyà ráútà fúnra rẹ̀, tó ń dún fíì nítòsí 14.030 MHz. Ìyẹn, mo ti bójú tó o lówó ara mi. Àbúrò mi fi òrùka ferrite, tó máa ń dí ariwo lọ́nà lára wáyà, ránṣẹ́ láti Houston, mo wé wáyà náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ferrite ò lè ṣe nǹkan kan sí àwọn àpótí inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí pé inú wáyà iná gan-an ni wọ́n dìídì ń rán íntánẹ́ẹ̀tì gbà.

Àwa tí a máa ń kígbe “Up NEPA!” nílé yìí, èmi ti wá di ẹni tí ń dúró kí wọ́n mú iná lọ. Tí wọ́n bá mú un, sọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ kì í sí lórí inverter, àpótí náà á kú, n ó sì sáré lọ sídìí rédíò.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló wá rí, ó di ọwọ́ lásán wá. Ó fi fóònù wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré, ó ní, “Daddy, ó ń sáré dáadáa o, òpó NEPA iwájú ilé yín ló ń pariwo.” Mo fà á lọ́wọ́ lọ sídìí rédíò, mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àpótí náà. Ó yọ ọ́, ilé pa lọ́lọ́, a jọ gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Sípéènì. Ó dá a padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣàà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mi orí, ó ní, “Daddy, òótọ́ lẹ sọ.” Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì kà pé: “Ẹnjiníà wa yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ìṣòro kankan.” Mi ò mọ̀ bóyá òun ló kọ ọ́ tàbí ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, irọ́ ni, ẹ sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ yín sábẹ́ irọ́ náà.

Ẹ rántí pé wáyà ni mo bẹ̀ yín fún lọ́jọ́ tí ẹ wá. Mo ní kí ẹ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Cat 6 láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ní kò burú, ẹ gbowó rẹ̀, ó wà nínú ìwé owó. Àpótí lẹ kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹ wá yọ àpótí méjèèjì, kí ẹ fa wáyà tí mo ti sanwó fún, kó jẹ́ èyí tó ní ààbò lára. Ẹ fún mi ní ṣájà gidi, kí n sì rí ẹ̀rí pé NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i. Kí ọmọ tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn pè mí fúnra rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lé e kúrò níbi iṣẹ́, mo fẹ́ kó tọrọ àforíjì lẹ́nu ara rẹ̀ ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé èsì ẹnjiníà yẹn kì í ṣe òótọ́.

Ọjọ́ 14 ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, n ó pe NCC lórí 622, nọ́ńbà ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fún mi ni n ó sì kà fún wọn. N ó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, n ó so ìwé owó àti àtẹ̀jíṣẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ yẹn mọ́ ọn. Èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ilé 23 ni a jẹ́, aṣojú yín sì ń bọ̀ wá bá wa ṣèpàdé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, kí gbogbo àdúgbò lè wá sábẹ́ yín. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì sọ ohunkóhun fún wọn. Tí àpótí yẹn bá ṣì wà nínú ògiri mi lọ́jọ́ náà, n ó gbé rédíò mi lọ sí ìpàdé, n ó kì ọ̀kan nínú wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo wọn, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹ pè, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó lè dá mi lóhùn gbé fóònù. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, mi ò ní lè gbé e. Ìdí rédíò ni n ó wà, n ó máa wá ohùn àbúrò mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìbàdàn