Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ibi Tó Yẹ Kí Ejò Yín Ti Máa Jẹun

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ejò lọ́wọ́ wa ló máa ń béèrè ìdí tí a kì í fi ta àpótí oúnjẹ, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n gbọ́ pé inú rẹ̀ ni kí àwọn máa gbé ejò sí nígbàkígbà tó bá fẹ́ jẹun. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ìmọ̀ràn yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn tó ti ń sin ejò fún ọdún púpọ̀ sì wà lára àwọn tó ṣì gbà á gbọ́. Àwa kò tà á nítorí ó dá wa lójú pé inú ilé rẹ̀ gan-an ni ejò ti yẹ kó máa jẹun, a sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín ní kíkún.

Ohun tí àwọn tó fara mọ́ àpótí náà ń sọ ni pé, bí ejò bá ń jẹun nínú ilé rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ti wọlé ni yóò máa rò pé oúnjẹ ló dé, tí yóò sì bu ọwọ́ náà ṣán. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ejò tí a kì í ṣí ilé rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jẹun yóò so ìlẹ̀kùn pọ̀ mọ́ eku láìpẹ́ ọjọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó ti ń jẹun ló kọ́ ọ níwà bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé kò sí ohun mìíràn tí ìlẹ̀kùn náà ń ṣí fún. Ẹ máa ṣí i láti pààrọ̀ omi, láti kó ìgbẹ́ kúrò, tàbí láti gbé ejò náà jáde kẹ́ ẹ sì dá a padà. Kí ọwọ́ tó kàn án, ẹ mú ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, kí ẹ fi kan án jẹ́jẹ́ ní àárín ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi tì í díẹ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ óò rí i pé ọrùn tó ká jọ, tó ń múra láti ta síwájú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ahọ́n yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti mọ̀ pé oúnjẹ kì í fi ọ̀pá kan òun lẹ́yìn. Lọ́jọ́ oúnjẹ, ẹ má ṣe lo ọ̀pá náà rárá. Bí ẹ kò bá yẹ̀ kúrò lórí ìlànà yìí, ọ̀pọ̀ ejò yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wá wo ohun tí àpótí náà ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ óò kọ́kọ́ gbé ejò tí ebi ń pa, tó sì ti gbọ́ òórùn eku, jáde. Nígbà tó bá gbé e mì tán, ẹ óò tún gbé e padà sílé. Ìgbé kejì yìí ló burú jù, nítorí ọkàn ejò kì í kúrò lórí ọdẹ ní kété tí eku bá ti wọ ọ̀fun rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ṣì máa wá òmíràn kiri. Ball python àti ọ̀pọ̀ erè mìíràn ní ihò kéékèèké lẹ́bàá ètè tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ooru ti ń wá, nítorí náà ọwọ́ èèyàn, tó gbóná ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, tó sì tún ń rùn bí eku, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oúnjẹ lójú wọn. Corn snake, irú ejò mìíràn tí àwọn èèyàn máa ń sìn nínú ilé, kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òórùn tó wà lọ́wọ́ yín tó láti tàn án jẹ.

Yàtọ̀ sí ewu ọwọ́ tiyín, ewu ti ejò fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Bí a bá gbé ejò tí ikùn rẹ̀ kún, tí ìdààmú sì bá a, ó lè bì oúnjẹ náà jáde. Èébì ejò kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí omi kíkan inú ikùn rẹ̀ máa ń ba ọ̀fun jẹ́ bó ti ń jáde. Ejò tó bá bì gbọ́dọ̀ sinmi fún ó kéré tán ọjọ́ 10 sí 14, kí oúnjẹ tí yóò kọ́kọ́ jẹ lẹ́yìn náà sì kéré sí èyí tó bì. Bó bá tún bì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe gbé ejò kankan fún wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì rí i dájú pé apá tó gbóná nínú ilé rẹ̀ gbóná tó, nítorí ooru ni oúnjẹ fi ń dà nínú ejò. Fún ball python, bí 31 sí 33°C ni ibẹ̀ yẹ kó jẹ́.

Ibì kan wà tí a kò ti ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí yíyà wọ́n sọ́tọ̀: bí ejò méjì bá ń gbé inú ilé kan, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹun pa pọ̀ láé. Àwọn méjèèjì lè gbá eku kan ṣoṣo mú láti orí àti ìrù, kí ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èkejì mì pẹ̀lú eku náà. (Kí a má parọ́, ó wù wá kí kálukú wọn ní ilé tirẹ̀.) Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ejò yóò gbé èèpo igi tí a tẹ́ sílẹ̀ mì, èèpo kékeré kan tàbí méjì kì í sábà ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n òkúta pẹlẹbẹ tàbí àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó wà níbi tí ẹ ń gbé oúnjẹ sí yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Nípa oúnjẹ fúnra rẹ̀, eku tó ti kú, tó ti wà nínú fíríìsà, tó sì ti yọ́ dáadáa ni kí ẹ fún un. Eku ààyè ní eyín, ó sì máa ń gbèjà ara rẹ̀. Bí ejò kò bá ṣetán láti jẹun, eku lè jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí egungun yóò fi hàn. Ẹni tó fi eku ààyè sílẹ̀ mọ́jú nínú ilé ejò ti fi iná sórí òrùlé sùn. Eku tí ẹ pa nínú ilé tàbí nínú oko kò dára pẹ̀lú, nítorí ó lè ti jẹ májèlé, ó sì lè ní aràn.

Ẹ gbé eku náà láti fíríìsà sí fíríìjì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tẹ ikùn rẹ̀ wò. Bí ohun líle bá ṣì wà ní àárín, kò tíì yọ́ tán. Nígbà tó bá rọ̀ dé inú, ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná títí ara rẹ̀ yóò fi tó bí 37 tàbí 38°C, kí ẹ sì nù ún gbẹ bí omi bá kàn án. Ẹ má ṣe lo microwave, torí apá kan yóò jinná nígbà tí apá kejì ṣì tutù, ikùn eku náà sì lè bẹ́. Èyí tó ti yọ́ kò gbọ́dọ̀ padà sínú fíríìsà.

Ìbú eku kò yẹ kó ju ibi tó sanra jù lára ejò lọ, àfi díẹ̀. Ọmọ ejò lè máa jẹun lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ márùn-ún sí méje, corn snake tó ti dàgbà ní ọjọ́ 10 sí 14, ball python tó ti dàgbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ̀mú gígùn ni kí ẹ fi gbé eku náà sí i níwájú, ẹ má ṣe fi ìka mú un, kódà bí ejò náà bá jẹ́ oníwà tútù. Ejò tó bá sì gùn ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ, ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá fún un lóúnjẹ.

Bó bá ṣèèṣì gbá ọwọ́ yín mú tí kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fà á, torí eyín rẹ̀ dorí kọ inú, fífà yóò ya ẹran ara yín, yóò sì ká eyín tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn lé e lórí. Púpọ̀ nínú wọn yóò yanu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ọṣẹ ṣe pàtàkì lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ pẹ̀lú, nítorí ejò àti eku lè gbé kòkòrò Salmonella, tó ń kó àìsàn inú ran èèyàn. Ẹ má ṣe yọ́ eku nínú abọ́ tí ẹ fi ń jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún fọwọ́ kan ejò tàbí ohun èlò rẹ̀.

Bí ejò bá kọ oúnjẹ, ẹ yọ eku náà kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ má sì fi òmíràn lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti di bàìbàì bí omi ọṣẹ, torí ọ̀pọ̀ ejò kì í jẹun nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ awọ. Ball python tó ti dàgbà lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsí àìsàn kankan, níwọ̀n ìgbà tí kò bá rù. Nítorí náà, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú wá bí ẹ bá ń bọ̀ wá bi wá léèrè, nítorí òun ni yóò jẹ́ ká mọ̀ bóyá kí ẹ ṣì ní sùúrù tàbí kí ẹ máa lọ rí dókítà ẹranko.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùdásílẹ̀ ilé ìtajà yín