Wọ́n gbowó tán kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó ni mọ́tò

Sí Olóòtú,

Láti oṣù Kejì ọdún 2025 tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá mọ́tò tí kò ní ìnṣọ́ránsì dúró, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé third party, ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí èèyàn bá fi mọ́tò kọlù, di dandan. ₦15,000 ni fún mọ́tò ilé láti ọdún 2023. ₦5,000 là ń san tẹ́lẹ̀. Ariwo owó yẹn ti pọ̀ tó. Orúkọ tó wà lórí ìwé mọ́tò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Ọdún 2021 ni ọkọ mi kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí jókòó: ilé, ilẹ̀, aṣọ, títí dé bàtà, kò sí èyí tí wọn ò mẹ́nu bà. Nígbà tó kan mọ́tò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìyàwó wa, ìwọ lo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, máa wà á lọ." Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, a tú ká. Kò sẹ́ni tó rántí pé orúkọ olóògbé ṣì wà lórí ìwé rẹ̀.

Ọdọọdún ni mo ń tún ìwé náà ṣe. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe é á tẹ orúkọ ọkọ mi, á gbowó, ó parí. Bí ọlọ́pàá bá tẹ *565*11# lórí fóònù láti mọ̀ bóyá mọ́tò ní ìnṣọ́ránsì, nọ́ńbà mọ́tò ló ń yẹ̀ wò. Kì í bèèrè bóyá olówó rẹ̀ wà láyé.

Lọ́dún 2024, aṣojú ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní third party kò ní tún mọ́tò tèmi ṣe, ẹni tí mo bá kọlù ló wà fún, kí n gba comprehensive, èyí tó máa tún mọ́tò tèmi náà ṣe. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n díye lé mọ́tò náà ní mílíọ̀nù 3 náírà, mo san ìdá 5 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn ₦150,000, lórúkọ ara mi. Ó ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, ó yà á lẹ́yìn. Kò bèèrè ìwé.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí típà oníyanrìn kan tí bíréèkì rẹ̀ já fi rún ẹ̀yìn mọ́tò náà ní Mọ́kọ́lá. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè wá dé láti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ta lẹni tó wà lórí ìwé yìí? Ọkọ mi ni. Wọ́n dà? Wọ́n ti kú. Ìwé tí kóòtù fún yín láti máa bójú tó ohun ìní wọn ńkọ́? N kò ní. Wọ́n ní ẹni tí òfò mọ́tò bá máa kàn ló lè ra ìnṣọ́ránsì sórí rẹ̀, pé lójú òfin, mọ́tò náà kò tíì di tèmi. Èmi tí mò ń repo sí i, tí mò ń pààrọ̀ táyà rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta! Ta ni òfò náà kàn nígbà náà?

N kò ní òfin burú o. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ra ìnṣọ́ránsì sórí mọ́tò ẹlòmíì, olè náà á rà á sórí èyí tó jí. Àmọ́ ìlà kan péré ni ìbéèrè yẹn ì bá gbà lórí fọ́ọ̀mù, ǹ bá sì ti gba Kóòtù Gíga lọ kí típà tó dé. Ibẹ̀ ni mo padà lọ: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, onídùúró méjì, ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àpò mi ni owó páńẹ́lì bítà ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ sì ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíì, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà.

Mọ́tò ti wà lórúkọ mi báyìí. Nígbà tí aṣojú yẹn tún padà wá gbowó ọdún tuntun, ìwé ni mo kọ́kọ́ nà sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀, kò pọn dandan."

Opó kan,
Bódìjà, Ìbàdàn