Kì í ṣe awọ nìkan ló ń dùn wá

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní scleroderma ló sì ń bá mi fínra. Ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn ló kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Awọ á máa le, á máa fún; ó sì lè mú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Obìnrin ló ń ṣe jù. Kì í ràn o! Mo ní láti sọ ọ́, torí àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ gba ṣéńjì lọ́wọ́ mi mọ́, nítorí ọwọ́ mi tó ti di tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù.

Tí ọyẹ́ bá dé, tàbí tí mo bá ki ọwọ́ bọ omi tútù tí a fi ń ṣan aṣọ aró, ìka mi á funfun, á kú. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà síbẹ̀ ni wàhálà, á máa ta mí dé ìgúnpá. Ọmọ mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì búláòsì.

Ìrora yìí kì í jẹ́ kí n sùn, àìsùn náà á tún mú un le sí i, ọkàn á wá rẹ̀wẹ̀sì. Ní ilé ìwòsàn, awọ ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ tí dókítà ọ̀dọ́ kan bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?", ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ní kí n lọ rí àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ló bá di ìpàdé ẹbí! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ṣé orí ìyàwó wa ti dàrú ni?"

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Ábẹ́òkúta, wèrè tó ń já aṣọ ya ni wọ́n ń rò. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ìlú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́.

Mo lọ rí wọn. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ ni pé òun mọ̀ pé n kò parọ́ nípa ìrora mi.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ni àyájọ́ àìsàn yìí lágbàáyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nípa rẹ̀ ní Yorùbá. Kí àwọn ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà l'Ókè-Mọ́sàn náà sì fi olùgbani-nímọ̀ràn sí ilé ìwòsàn tí a ti ń gba oògùn awọ, ká lè rí wọn lọ́jọ́ kan náà láìsí ìpàdé ẹbí.

Aláàdìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta